Ṣọ́jà àti Ọmọ Ogun: Orírun àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan nínú Ìkọ́ni Èdè Abínibí

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọdé ti máa ń mọ̀ kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn, ọmọ Haúsá ní Kánò tàbí ọmọ Ìgbò ní Ẹnúgù. Ọ̀rọ̀ náà ni ṣọ́jà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ ọ́ sínú àròkọ Yorùbá, kò ṣòro láti rí olùkọ́ tí yóò fi bírò pupa fa igi lé e lórí, tí yóò sì kọ ọmọ ogun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èrò irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àyálò ni ṣọ́jà, pé Yorùbá ti ní tirẹ̀, àti pé ẹni tí ó ní tirẹ̀ nílé kì í lọ tọrọ níta.

Ìfẹ́ èdè ni ó bí èrò náà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú bírò pupa: ṣé ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró fún? Bí ó bá jẹ́ ohun kan náà, olùkọ́ jàre. Bí kì í bá ṣe ohun kan náà, ìyàtọ̀ tí àwọn tí ó ni èdè ti fi ọgbọ́n gbé kalẹ̀ fúnra wọn ni olùkọ́ ń pa rẹ́, ó sì tún ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀. Láti dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí á tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Ìtúpalẹ̀ tí ó lè tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ

Ṣọ́jà jọ ọ̀rọ̀ onílé púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti kọ́ nípa ìpajẹ fáwẹ́lì lè sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ṣọ́ àti ọ̀rọ̀-orúkọ ọjà ni ó para pọ̀, pé fáwẹ́lì ọ kan ni wọ́n pa jẹ tí ó fi di ṣọ́jà. Ohùn rẹ̀ bá a mu: ohùn òkè lórí sílébù kìn-ín-ní, ohùn ìsàlẹ̀ lórí ìkejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ pàápàá fẹ́ bá a mu, nítorí ẹni tí ń ṣọ́ ìlú ni ṣọ́jà jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, ìtúpalẹ̀ yìí kò lè dúró, ìdí méjì sì ni ó wà fún un.

Ìdí kìn-ín-ní wà nínú gírámà Yorùbá fúnra rẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ ṣẹ̀dá orúkọ fún ẹni tí ń ṣe nǹkan, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó sábà máa ń lò. Láti ara ṣọ́ ni aṣọ́nà ti wá, tí í ṣe a + ṣọ́ + ọ̀nà. Láti ara rẹ̀ ni aṣọ́bodè ti wá, tí í ṣe a + ṣọ́ + ibodè. Láti ara rẹ̀ náà ni olùṣọ́ àti ẹ̀ṣọ́ ti jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń ṣọ́ ọjà ni Yorùbá fẹ́ sọ, aṣọ́jà ni ọ̀rọ̀ náà ìbá jẹ́.

Ìdí kejì wà lẹ́yìn odi èdè Yorùbá. Haúsá ń pe ẹni kan náà ní soja, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni sojoji, gẹ́gẹ́ bí taga tí í ṣe fèrèsé ṣe ń di tagogi. Ìgbò ń sọ pé onye soja fún ẹnì kan, àti ndị soja fún ọ̀pọ̀. Píjìn Nàìjíríà ń lo soja, Ken Saro-Wiwa sì fi irú ìpè mìíràn, soza, ṣe àkọlé ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Sozaboy, tí ó jáde ní 1985. Kò sí bí ṣọ́ àti ọjà ti Yorùbá yóò ṣe jẹ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀nyí. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti pọn omi, orísun náà sì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì soldier.

Ọ̀nà tí Yorùbá gbà sọ ọ́ di tirẹ̀ kò ṣàjèjì sí olùkọ́ fonọ́lọ́jì. Èdè Yorùbá kì í gba ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà kò sí àyè fún l tí ó wà ní àárín ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan pàápàá ti máa ń pè é láìsí l, bí ìkọsílẹ̀ àtijọ́ bíi sodger àti sojer ti fi hàn. Sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹnu mọ́ gba ohùn òkè, èyí tí ó gbẹ̀yìn gba ohùn ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú tíṣà àti bọ́tà. Ní ti s tí ó di ṣ, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé ṣ àti j jọ jẹ́ afàjàfèrìgìpè, tí ìró kìn-ín-ní sì tipa bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìró tí ó tẹ̀ lé e nínú ọ̀rọ̀ náà.

Owó wúrà àwọn ará Róòmù

Gẹ̀ẹ́sì náà yá ọ̀rọ̀ yìí ni. Ní nǹkan bí ọdún 1300 ni ó ti wà nínú èdè wọn, láti inú èdè Faransé àtijọ́, níbi tí soudier ti jẹ́ ẹni tí ń gba soulde. Owó iṣẹ́ ni soulde. Láti inú èdè Látìn ni soulde sì ti wá, láti ara solidus, orúkọ ẹyọ owó wúrà kan tí Constantine ọba Róòmù dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Jésù. Láti inú wúrà tí ó wọn pọ́n-ùn Róòmù kan, ẹyọ 72 ni wọ́n ń rọ. Ìtumọ̀ solidus nínú èdè Látìn ni ohun tí ó le gbagidi, tí kò ní àbùlà.

Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò mú idà, ìbọn tàbí ìgboyà lọ́wọ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Owó ni ó mú lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kí ó máa jagun ni soldier. Àwọn ẹbí rẹ̀ nínú èdè mìíràn jẹ́rìí sí èyí. Soldat ni àwọn Faransé ń sọ, ó sì wà lẹ́nu àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Soldado ni ti àwọn Pọtogí àti Sípéènì, èyí tí wọ́n ń lò ní Bùràsíìlì àti Kúbà. Títí di òní, owó oṣù ni sueldo jẹ́ fún ẹni tí ń sọ èdè Sípéènì, owó sì ni soldi jẹ́ fún ará Ítálì.

Ẹbí rẹ̀ kan tilẹ̀ gbé Nàìjíríà fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé ènìyàn púpọ̀ fura. Kí náírà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1973, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì ni wọ́n ń ná, lẹ́tà s ni wọ́n sì fi ń dúró fún ṣílè nínú ìwé ìṣirò. Lẹ́tà náà dúró fún solidus kan náà. Bàbá tí ó gba ṣílè nínú ṣọ́jà láyé ìgbà náà fi ọwọ́ gba ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ́ lórúkọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ilẹ̀ wa

Ní 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di ilẹ̀ ìjọba wọn. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni John Glover kó àwọn ọkùnrin Haúsá jọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, tí ó sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ agbébọn. Ìjọba fún wọn ní aṣọ kan náà, ó fún wọn ní ìbọn, ó sì ń sanwó fún wọn. Irú ẹgbẹ́ báyìí yàtọ̀ sí èyí tí Yorùbá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹ̀yìn olóyè kankan nínú ìlú, wọn kò sì ní oko tí wọn yóò padà sí bí òjò bá rọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, irú jagunjagun méjèèjì kojú ara wọn ní Ìmágbọ̀n. Ní ìhà kan, àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú tí wọ́n dìde láti gba ilẹ̀ wọn là. Ní ìhà kejì, àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó fún, pẹ̀lú ìbọn Maxim. Ìtàn ti sọ bí ó ṣe parí. Ohun tí ó kan olùkọ́ èdè ni pé ẹni tí ó bá pe ìhà méjèèjì ní orúkọ kan náà ti gbàgbé ìdí pàtàkì tí ogun náà fi rí bí ó ṣe rí.

Láti 1897 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹgbẹ́ ológun kan sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sẹ̀ràlíóònù àti Gáḿbíà. Nínú bárékè ti Nàìjíríà, Haúsá ni èdè tí ọ̀pọ̀ fi ń gbọ́ ara wọn yé, débi pé oríṣi Haúsá kan ń jẹ́ Barikanci títí di òní. Nígbà ogun Hitler, bí àwọn àgbà ti ń pè é, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Bọ́mà nínú ẹ̀ka ológun kọkànlélọ́gọ́rin àti èkejìlélọ́gọ́rin. Nígbà tí àwọn tí ó kù padà sílé lẹ́yìn 1945, kò sí abúlé tí ọ̀rọ̀ ṣọ́jà tún ṣàjèjì sí mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀

Kí ṣọ́jà tó dé, Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Ogun ni ìpìlẹ̀ wọn, ohùn àárín méjì. Olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí wọn gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ ohùn yìí, nítorí ogún ni ohun tí òkú fi sílẹ̀, òun náà sì ni iye tí ó tẹ̀ lé mọ́kàndínlógún. Ògún ni òrìṣà irin. Oògùn ni egbòogi. Òógùn sì ni omi ara. Ọmọ ogun àti ọmọ ogún kì í ṣe ènìyàn kan náà. Bákan náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìjọra lẹ́tà nìkan sọ pé láti ara Ògún ni ogun ti wá.

Jagunjagun jẹ́ àpètúnpè jagun, tí í ṣe jà àti ogun. Ìṣe ni ó ń tọ́ka sí: ẹni tí ogun jíjà mọ́ lára. Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ oyè àwọn akọni Aláàfin Ọ̀yọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ pé wọ́n jẹ́ àádọ́rin. Lónìí, ẹ̀ṣọ́ ti di orúkọ fún àwọn tí ń ṣọ́ ilé àti ojú pópó. Ológun ni ẹni tí ó ni ogun, ìyẹn olóyè tí ó ń kó ọmọ ogun lọ. Lónìí, gbogbo iléeṣẹ́ tí ó wà fún ogun ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ni ọmọ ogun. Ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó wà nínú ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ ilé: ẹni tí ó jẹ́ ara àwùjọ kan, tí ó sì wà lábẹ́ olórí kan. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn kò sì tú ká níbẹ̀ pátápátá títí di 1893, àwọn ènìyàn mọ ọmọ ogun Ògèdèǹgbé yàtọ̀ sí ọmọ ogun Látòósà. Oko ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jẹun nígbà àlàáfíà. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, ìkógun ni èrè wọn, olórí wọn sì ní ìpín tirẹ̀. Ìfẹ́ ìlú, ìbátan, ẹ̀rù olóyè àti ìrètí ìkógun ni ó so wọ́n pọ̀. Owó oṣù kò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní Yorùbá ní 1884, fi lè pe Ọlọ́run ní Olúwa àwọn ọmọ ogun, tí etí sì gbà á títí di òní. Kò sí ìjọ tí yóò sọ pé Olúwa àwọn ṣọ́jà. Kì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò ni ṣọ́jà nìkan. Bíṣọ́ọ̀bù àti áńgẹ́lì náà jẹ́ àyálò, wọ́n sì wà nínú ìjọ. Ohun tí ó fà á ni pé ogun ọ̀run kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba.

Kí ló dé tí ọlọ́pàá fi ní orúkọ tí ṣọ́jà kò ní?

Àfiwé kan wà tí ó lè ran olùkọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́. Ìjọba kan náà ni ó kó ṣọ́jà àti ọlọ́pàá dé. Síbẹ̀, Yorùbá wo ọ̀pá tí ó wà lọ́wọ́ èkejì, ó sọ ọ́ ní ọlọ́pàá. Haúsá náà wo ọ̀pá, ó ní ɗan sanda, ọmọ ọ̀pá. Ìgbò wo aṣọ, ó ní onye uwe ojii, ẹni aláṣọ dúdú. Èdè mẹ́ta ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tiwọn fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yá soja. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀lẹ ni ó mú wọn yá ọ̀rọ̀ kò tíì wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Àlàyé tí ó bá ẹ̀rí mu ni pé ààyè ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń jagun ti kún tẹ́lẹ̀ nínú èdè kọ̀ọ̀kan. Haúsá ní mayaƙi láti ara yaƙi, Ìgbò ní onye agha láti ara agha, Yorùbá ní ọmọ ogun àti jagunjagun. Bí wọ́n bá sọ ẹni tuntun yìí ní ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyẹn, wọn yóò da á pọ̀ mọ́ akọni ìlú tiwọn. Yíyá tí wọ́n yá orúkọ tí ó mú wá fún un ni ọ̀nà láti fi í sí àyè ara rẹ̀.

Ìdánwò mẹ́ta fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ lè fi ìlò ọ̀rọ̀ hàn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìyàtọ̀ yìí wà láàyè.

Ìdánwò kìn-ín-ní ni ti iṣẹ́. Yorùbá ń sọ pé ó wọ ṣọ́jà, ó ń ṣe iṣẹ́ ṣọ́jà, ṣọ́jà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọmọ ogun rọ́pò nínú gbólóhùn wọ̀nyí, etí rẹ̀ yóò sọ fún un pé nǹkan ti yí. Iṣẹ́ tí à ń wọ̀, tí à ń gba owó rẹ̀, tí a sì ń fẹ̀yìn tì níbẹ̀ ni ṣọ́jà.

Ìdánwò kejì ni ti ẹni tí ó ni ín. Ọmọ ogun Kúrunmi tọ̀nà fún ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ṣọ́jà Kúrunmi kò tọ̀nà, nítorí Kúrunmi kò ní ìwé owó oṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyí ni ó yẹ kí bírò pupa bá.

Ìdánwò kẹta ni ti iye. Bí ẹnì kan bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ṣọ́jà kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ. Ọmọ ogun máa ń fẹ́ wà ní ọ̀wọ́, bí ìkọ̀ ọmọ ogun.

Lẹ́yìn ìdánwò wọ̀nyí, ó tọ́ kí olùkọ́ sọ òdodo tí ó kù. Nínú ìròyìn àti ìwé tí ó gbé pẹ́ẹ́lí, ọmọ ogun Nàìjíríà ti di ìlò tí gbogbo ènìyàn gbà, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, tí Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn tí ó kú sójú ogun, akọni tàbí ọmọ ogun ni ó yẹ ọ̀rọ̀ ìyìn, nítorí ẹni tí ó fi ẹ̀mí lélẹ̀ ti kọjá ohun tí owó oṣù lè san. Bákan náà, ìjọba ológun ni orúkọ tí ìwé mọ̀ fún ìṣàkóso tí ó wà láti 1966 sí 1979, àti láti òpin 1983 sí 1999, yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀ ní 1993. Ṣùgbọ́n ìjọba ṣọ́jà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é lẹ́nu, tí wọ́n sì fi ìjọba alágbádá ṣe òdìkejì rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Àǹfààní mìíràn wà fún olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ẹ̀yà mìíràn ní Yorùbá. Ọmọ tí ó ti Sókótó tàbí Ówèrè wá ti mọ soja. Bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ìró ṣ, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ìpajẹ l yóò yé e láàárín ẹ̀kọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ́ ọmọ ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ní ìtàn tirẹ̀, tí yóò sì fi wé mayaƙi tàbí onye agha nínú èdè ìyá rẹ̀.

Ìkádìí

Ṣọ́jà wọlé wá nítorí pé ohun tuntun kan wọlé: ẹni tí ìjọba ń sanwó fún kí ó di ìbọn mú, tí ìjọba sì lè pa á láṣẹ níbikíbi. Ọmọ ogun dúró nítorí pé ohun àtijọ́ kò parẹ́ nínú ìrántí: àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n dìde lẹ́yìn olórí wọn. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lè béèrè ohun tí ẹni tí ó ní ọ̀kan kò lè béèrè, ìyẹn ni pé, ta ni ẹni yìí ń jà fún, ta ni ó sì ń bọ́ ọ? Ní orílẹ̀-èdè tí ó ti rí ogun abẹ́lé àti ọ̀pọ̀ ọdún ìjọba ológun, ìbéèrè náà kò kéré fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Nítorí náà, bí ṣọ́jà bá hàn nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kí olùkọ́ kọ́kọ́ wo ìgbà tí ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ àti irú ìwé tí ó ń kọ. Bí ó bá jẹ́ ìtàn Kírìjì, kí ó fa igi lé e. Bí ó bá jẹ́ ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ tí ó lọ sí Bọ́mà, kí ó fún un ní máàkì rẹ̀.